Guangzhou: ṣé rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ni kí n máa wọ̀ ni, àbí tákísí?

Ìbéèrè:

Oṣù Kẹwàá ni mo fẹ́ lọ Guangzhou fún ìgbà àkọ́kọ́. Léèsì àti báàgì ni mo fẹ́ rà. Ẹnì kan tó ti ń lọ tipẹ́ ní tákísí ni kí n máa wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ wọn á da orí mi rú, mi ò gbọ́ Ṣáínà, èmi nìkan ni mo sì ń lọ. Ẹlòmíì ní ta ló ń ná owó sórí tákísí nílùú tí rélùwéè ti wà ní gbogbo orígun. Èwo ni kí n tẹ̀ lé? Ẹ má ka ìtàn Ṣáínà fún mi o. Ohun tó máa gbé mi dé ọjà ni mo fẹ́ mọ̀.

*

Ẹ wọ rélùwéè nígbà tí ọwọ́ yín bá ṣófo, ẹ wọ tákísí nígbà tí ẹrù bá wà lọ́wọ́ yín. Ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í bára wa jà, ẹ jẹ́ ká la ìyẹn sọ́tọ̀ ná. Àwọn tí mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń bú rélùwéè Guangzhou, àwọn tó ń gbé àpò ńlá bọ̀ láti ọjà báàgì ní Guihuagang ni. Àwọn tó sì ń yìn ín, éjẹ́ǹtì ló ń bá wọn kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ àwọn oníkágò. Kálukú ń sọ ohun tí èjìká rẹ̀ mọ̀. Àwọn míì náà ti dá sí ìbéèrè yìí, mo máa dá wọn lóhùn níbi tọ́rọ̀ wọn bá ti jẹ yọ.

Àmọ́ kí ẹ tó ronú nípa ọkọ̀ rárá, ibo lẹ fẹ́ sùn? Ìyẹn ló máa pinnu ohun tí ojú yín máa rí. Wọ́n á sọ fún yín pé hòtẹ́ẹ̀lì Panyu, lápá gúúsù ìlú, kò wọ́n. Òótọ́ ni, kò wọ́n. Ṣùgbọ́n Láìnì 3 lẹ máa wọ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó dé àárín ìlú, mo sì ń padà bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ Láìnì 3 yẹn.

Ẹ sùn sí Xiaobei tàbí Sanyuanli, níbi táwọn èèyàn wa ti ń ṣòwò látọjọ́ pípẹ́. Sanyuanli wà lórí Láìnì 2, Xiaobei wà lórí Láìnì 5. Láìnì méjèèjì pàdé ní Guangzhou Railway Station, ibùdó kan péré sí Sanyuanli, ibùdó kan péré sí Xiaobei. Láti oṣù Kejìlá 2024, Láìnì 11 tó yí ìlú po bí ìgbànú náà ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọjà báàgì wà lágbègbè yẹn, ọjà aago àti bàtà ní Zhanxi náà wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ín, ẹ ò nílò ọkọ̀ kankan.

Léèsì ló máa mú yín wọ rélùwéè.

*

Ọjà aṣọ Zhongda wà ní Haizhu, òdìkejì odò sí Xiaobei. Lujiang ni ibùdó tó sún mọ́ ọn, lórí Láìnì 8. Ọ̀nà méjì ló débẹ̀ láti Xiaobei, ibí yìí sì làwọn èèyàn ti máa ń jà.

Fóònù sábà máa ń ní kí ẹ wọ Láìnì 5 lọ sí Zhujiang New Town, kí ẹ bọ́ sórí Láìnì 3 dé Kecun, kí ẹ wá wọ Láìnì 8, ibùdó kan sí i, ẹ ti dé Lujiang. Èmi á ní kí ẹ wọ Láìnì 5 ibùdó kan dé Guangzhou Railway Station, kí ẹ bọ́ sórí Láìnì 2 títí dé Changgang, kí ẹ wọ Láìnì 8 níbẹ̀. Ibùdó kẹta lẹ́yìn Changgang ni Lujiang. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa pààrọ̀ ọkọ̀, èyí tó wù kí ẹ gbà.

Ẹni tó ń gba ọ̀nà ti fóònù, tó ní "tèmi yá ju tìẹ lọ" kò parọ́, ó lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú tí fóònù ń kà, ìṣẹ́jú ẹni tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé gbà á wọlé ni. Tó bá di aago mẹ́jọ àárọ̀ lórí Láìnì 3, ọkọ̀ àkọ́kọ́ kọ́ lẹ máa wọ̀. Bóyá ìkejì gan-an kọ́.

*

Wọ́n bi mí pé kí ni Láìnì 3 fi mí ṣe. Àwọn ará Guangzhou fúnra wọn ń pè é ní láìnì ọ̀run àpáàdì, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ.

Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2005, ọkọ̀ oníkóòṣì mẹ́ta ni wọ́n ń lò lórí rẹ̀, kóòṣì yẹn ò sì fẹ̀ tó ti Láìnì 1 àti 2. Wọ́n fẹ́ kó sáré dé àwọn àdúgbò tó jìnnà ní gúúsù, ó sì ń sáré lóòótọ́, ó ń lọ tó 120 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Ohun tí wọn ò rò ni bí èèyàn ṣe máa tètè kún àwọn àdúgbò yẹn tó. Ní 2010 wọ́n sọ kóòṣì mẹ́ta di mẹ́fà. Ọdún yẹn náà ni wọ́n so ẹ̀ka tó ń bọ̀ láti éápọ́ọ̀tù mọ́ láìnì kan náà, bẹ́ẹ̀ ni èrò tún pọ̀ sí i. Gbogbo wọn ń ya wọ ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní Tiyu Xilu, tí Láìnì 1 náà ń gbà kọjá. Tí ọwọ́ bá ti dí, àwọn òṣìṣẹ́ á gbé irin dí ọ̀nà, wọ́n á máa mú èrò yípo yípo kí wọ́n má bàa ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí. Ìdíje eré ìdárayá ilẹ̀ Éṣíà wáyé ní Guangzhou ní oṣù Kọkànlá 2010. Ìjọba ìlú ní kí aráàlú máa wọ rélùwéè àti bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi ṣe é tí wọ́n fi fagi lé e. Àwọn tí kò ní ibi tí wọ́n ń lọ pàápàá wọkọ̀, àwọn tó fẹ́ débi iṣẹ́ ò ráàyè wọlé. Wọ́n wá pín 150 yuan fún ìdílé kọ̀ọ̀kan dípò rẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi pé Nàìjíríà nìkan ni ọ̀fẹ́ ti ń dá rúkèrúdò sílẹ̀.

Èmi ò ní kẹ́nikẹ́ni má wọ Láìnì 3 o. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò sí ohun tó ṣe é. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí oníṣòwò tó lè yan àkókò tó wù ú má lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì du àyè láago mẹ́jọ. Ọjà gan-an ò tíì kún nígbà yẹn.

*

"Mi ò gbọ́ Ṣáínà." Mo rí i pé ìyẹn lẹ̀rù tó ń bà yín jù, òun ló sì kéré jù nínú gbogbo rẹ̀. Èdè mẹ́ta ni wọ́n fi ń kéde ibùdó nínú ọkọ̀: Mandarin, Cantonese, Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo àkọlé ló ní ABD lábẹ́, láìnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àti àwọ̀ tirẹ̀. Tákísí gan-an lẹ nílò Ṣáínà fún, torí onímọ́tò ò ní ka Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ bá nà sí i. Ẹni tó ní kí ẹni tí kò gbọ́ èdè máa wọ tákísí kó má bàa sọnù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dorí kodò.

Ohun méjì ló lè ṣì yín lọ́nà. Ìkíní, ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ibùdó kan lè ní A, B, C, D, kí A sì tún pín sí A1 àti A2. Tí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tiyín jáde, títì ńlá lè wà láàárín ẹ̀yin àti ọjà, afárá tẹ́ ẹ máa gùn sì lè jìnnà. Tí ẹnikẹ́ni bá ń júwe ibi kan fún yín ní Guangzhou, tí kò bá dárúkọ lẹ́tà ẹnu ọ̀nà, kò tíì júwe nǹkan kan.

Ìkejì, ibùdó méjì ló ń jẹ́ Xiaogang. Ọ̀kan wà lórí Láìnì 2 lápá àríwá, ìkejì wà lórí Láìnì 8, Changgang ni ó tẹ̀ lé, lójú ọ̀nà yín gan-an sí Lujiang. Àmì ohùn ò sí lórí ABD tí wọ́n fi kọ ọ́, nítorí náà bákan náà ni wọ́n rí lójú wa, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ Ṣáínà, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ wo nọ́ńbà láìnì kí ẹ tó wo orúkọ.

Google ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí ẹ ò bá ní VPN, kódà tó bá ṣiṣẹ́, ẹ má gbé ara lé máàpù rẹ̀. Ẹni tó ní iPhone, máàpù inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwa yòókù ń lo Amap, máàpù àwọn ará Ṣáínà.

*

Lórí owó: ẹnì kan ní fóònù ló dáa jù, ẹnì kan ní káàdì, ẹnì kan ní kí ẹ máa ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́yọ lẹ́yọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́yọ jẹ́ ike rìbìtì kékeré. Ẹ ó fi kan ẹ̀rọ tí ẹ bá ń wọlé, ẹ ó sì jù ú sínú ihò tí ẹ bá ń jáde. Ẹni tí ike bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ máa san owó míì kó tó jáde. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò burú. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdúró sẹ́nu ẹ̀rọ á sú yín, pàápàá tó bá jẹ́ pé owó ńlá nìkan ló wà lọ́wọ́ yín, torí owó kékeré ni ẹ̀rọ náà ń gbà.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní Alipay, áàpù tí wọ́n fi ń sanwó ní Ṣáínà, ló dé, kí ẹ so káàdì báǹkì yín mọ́ ọn, kí ẹ fi fóònù kan ẹnu ọ̀nà. Ó dáa o. Láti 2023 ni wọ́n ti jẹ́ kó rọrùn fún àlejò láti so káàdì Visa tàbí Mastercard mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ̀ ń lo káàdì báǹkì Nàìjíríà, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí: òní ó gbà, ọ̀la ó kọ̀. Bátìrì fóònù náà lè kú nígbà tí ẹ ti wà nínú ilẹ̀, ẹ ò sì ní lè jáde láìdá òṣìṣẹ́ kan lóhùn.

Káàdì ni tèmi. Yang Cheng Tong ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi owó sínú rẹ̀, ẹ fi kan ẹnu ọ̀nà, ó parí. Ó ń gbé yín wọ bọ́ọ̀sì, ó sì ń gbé yín wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá odò Pearl. Yuan 2 ni owó rélùwéè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé kìlómítà mẹ́rin, lẹ́yìn náà ló ń fi yuan kọ̀ọ̀kan gòkè, bí ẹ bá ṣe ń jìnnà sí i ni yuan kan ń gbé yín rìn pẹ́ sí i. Kò sí ibi tẹ́ ẹ máa lọ láàárín àwọn ọjà wọ̀nyí tí owó ọkọ̀ á fi máa dùn yín.

*

"Ẹ má dẹ́rù bà á, Èkó náà ti ní rélùwéè báyìí, ẹni tó bá ti wọ Blue Line láti Marina dé Mile 2 ti mọ gbogbo ẹ̀."

Ó mọ ìdajì. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023 tí Blue Line ti ń gbérò, tí Red Line sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹwàá 2024, ará Èkó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi káàdì Cowry kan ẹnu ọ̀nà, ẹ ò sì lè fi owó pépà wọ ọkọ̀ náà. Lápá ìyẹn, Guangzhou tiẹ̀ rọ̀ jù wá lọ. Ṣùgbọ́n Blue Line ò ní ibi tẹ́ ẹ ti ń pààrọ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ tó wà ní Guangzhou nìyẹn. Láti 1997 tí Láìnì 1 ti bẹ̀rẹ̀ láàárín Xilang àti Huangsha ni wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti lé ní 700 kìlómítà báyìí. Ní àwọn ibùdó ńlá, ìrìn tẹ́ ẹ máa rìn láti láìnì kan sí òmíràn lè gùn ju ìrìn inú ọkọ̀ lọ. Ẹ má wọ bàtà gogoro.

*

Ẹni tó béèrè nípa éápọ́ọ̀tù: Airport South ni ti Terminal 1, Airport North ni ti Terminal 2. Láìnì 3 náà ni o, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó sínú rẹ̀ dé Tiyu Xilu. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Jiahewanggang, kí ẹ wọ Láìnì 2. Ibẹ̀ ni Láìnì 2 ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ tó ṣófo lẹ máa bá, ẹ ó jókòó pẹ̀lú báàgì yín títí dé Sanyuanli. Gbogbo owó rẹ̀ kò tó yuan 10.

Ìyẹn fún ẹni tó bá balẹ̀ lọ́sàn-án. Láàárín aago mọ́kànlá sí méjìlá òru ni wọ́n ń tilẹ̀kùn, ọkọ̀ ìkẹyìn láti éápọ́ọ̀tù sì lè má bá ọkọ̀ ìkẹyìn Láìnì 2 mọ́. Tí bàálù yín bá balẹ̀ lálẹ́, ẹ tò sórí ìlà tákísí tó wà níta, ẹ má dá ẹnikẹ́ni tó bá wá bá yín nínú ilé lóhùn. Ẹ ti kọ àdírẹ́sì hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ní Ṣáínà kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹni tó fẹ́ tẹ̀ síwájú lọ sí Yiwu, ìlú ọjà míì ní Ṣáínà, ẹ fojú sílẹ̀ ka orúkọ ibùdó rélùwéè tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín. Guangzhou lásán wà, Guangzhou South wà, East wà, North wà, Baiyun tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejìlá 2023 náà wà. Wọn ò sún mọ́ra. South wà ní ìparí Láìnì 2, ẹ fún un ní wákàtí kan láti Sanyuanli, kí ẹ tún fi àkókò àyẹ̀wò ẹrù kún un. Páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n fi ń wọlé níbẹ̀. Ó sì yẹ kó wà lára yín nígbà gbogbo, torí ọlọ́pàá lè béèrè rẹ̀ lágbègbè Xiaobei àti Sanyuanli nígbàkúùgbà.

*

Ọ̀rọ̀ báàgì. Ní gbogbo ẹnu ọ̀nà rélùwéè, báàgì yín á gba inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Ike omi, wọ́n lè ní kí ẹ mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin oníléèsì, ẹ fi àlùmọ́gàjí ńlá tí ẹ fi ń gé sáńpù sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Zhongda ní sáńpù tí wọ́n ti gé tẹ́lẹ̀. Òfin sì fi gbèdéke sí bí ẹrù ṣe lè tóbi tó àti bó ṣe lè wúwo tó, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ gbé Ghana-must-go mẹ́ta wọlé, wọ́n lè dá a padà lẹ́nu ọ̀nà.

Láti oṣù Kẹrin 2020 ni òfin ilẹ̀ wọn ti ní kéèyàn má jẹun nínú ọkọ̀, kó má sì tẹ fóònù sí gbangba kó máa pariwo. Ìyẹn kan àwa tá a máa ń gbọ́ ohùn WeChat lórí sípíkà.

Ẹnì kan kọ ọ́ pé àwọn tó jókòó ti òun nínú ọkọ̀ dìde lọ síbòmíì torí pé aláwọ̀ dúdú ni òun. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ó ti dín kù sí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé ẹni náà fi ìyẹn sọ pé òun ò ní wọ rélùwéè mọ́. Owó yín lẹ fi wọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá dìde, ẹ fẹ ara yín sórí àga.

Obìnrin tó dá rìn: láti 2017, Láìnì 1 ní kóòṣì kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún obìnrin láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Ọkùnrin ń wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Ẹ má torí ẹ̀ yí ọ̀nà yín padà.

*

"Táìlì ni tèmi, ṣé rélùwéè dé Foshan?"

Ó dé. Láti 2010 ni láìnì kan ti so ìlú méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n táìlì lẹ sọ, Nanzhuang sì ni ẹ ń wá. Ẹ wọ Láìnì 2 dé òpin rẹ̀ ní Guangzhou South, ẹ wọ Láìnì 2 ti Foshan níbẹ̀, Nanzhuang ni ìparí tiyẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ táìlì kì í sún mọ́ ibùdó. Ẹ pè wọ́n ṣáájú kí wọ́n fi mọ́tò pàdé yín, oníbàárà tó ń ra kọ̀ǹténà kì í wá takísí fúnra rẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà ẹnu ọ̀nà ránṣẹ́ sí wọn.

*

Àǹtí, mo tún padà ka ìbéèrè yín, oṣù Kẹwàá lẹ kọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọjọ́ 15 oṣù yẹn ni Canton Fair, ìpàtẹ ọjà ńlá Guangzhou, máa ń bẹ̀rẹ̀, títí di ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá? Pazhou ni wọ́n ti ń ṣe é, ibùdó Xingangdong àti Pazhou ni wọ́n ń bọ́ sí, orí Láìnì 8 ni méjèèjì wà. Láìnì kan náà tó ń gbé yín lọ sí Lujiang nìyẹn. Nítorí náà ọ̀nà tèmi tí mo ń fi yangàn lókè yẹn, láàárọ̀ ọjọ́ fair, ẹ̀yin àti gbogbo ayé lẹ jọ máa pàdé ní Changgang.

Owó hòtẹ́ẹ̀lì náà máa ń gòkè lásìkò yẹn. Tó bá jẹ́ léèsì àti báàgì nìkan lẹ fẹ́ rà, tí ẹ ò ní ohun kankan í ṣe nínú fair, ẹ wá lẹ́yìn ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá, ẹ ó ṣì kó ọjà Kérésì dé. Ẹ má lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹwàá, ìsinmi orílẹ̀-èdè wọn ni, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á tì. Tí ẹ bá sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ná, ẹ má wọ Láìnì 8 kó tó kọjá aago mẹ́wàá, kí ẹ sì ti kúrò ní Lujiang kó tó di aago márùn-ún. Tí léèsì bá wà lọ́wọ́ yín nígbà yẹn, ẹ pe tákísí.